Sòbìà ní Agbègbè Tamale: Àrùn tí a kò fi Oògùn Lé Lọ

Àwọn Yorùbá a máa sọ pé bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànńbe là ń ké sí. Òwe yìí fi hàn pé àrùn náà kì í ṣe àjèjì sí wọn, ó sì fi ibi tí wọ́n ti ń bá a jà hàn: ojú egbò ni. Ìtàn agbègbè Tamale, olú-ìlú Ẹkùn Àríwá orílẹ̀-èdè Ghánà, fi yéni pé etí omi gan-an ni ojú ogun náà wà.

Ní ọdún 1870 ni Alexei Fedchenko, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, ti rí i pé kòkòrò tíntìntín inú omi ni ó ń gbé ọmọ sòbìà. Ẹni tí ó bá mu irú omi bẹ́ẹ̀ lè máà mọ nǹkan kan lára fún bí ọdún kan, kí aràn náà, tí ó lè gùn tó mítà kan, tó lu awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Bí aláìsàn bá ki ẹsẹ̀ bọ adágún kí ara lè tù ú, aràn náà yóò tu ọmọ sínú omi tí gbogbo abúlé ń mu. Kò sí oògùn tí ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn aláìsàn jákèjádò Ghánà ní 1989, iye wọn lé ní 179,000. Aṣọ asẹ́ ni wọ́n fi kojú rẹ̀. Àwọn obìnrin olùyọ̀ǹda ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń sẹ́ omi. Àwọn mìíràn ń ṣọ́ adágún kí ẹlẹ́gbò má baà wọ̀ ọ́. Ogun Konkomba àti Nanumba ti 1994 dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ní 2007, àrùn náà tún gbilẹ̀ ní Savelugu, nítòsí Tamale, níbi tí omi ẹ̀rọ ti wọ́n. Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀rí, ṣàbẹ̀wò síbẹ̀. Dókítà Andrew Seidu Korkor àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò káàárẹ̀. Iye aláìsàn tí ó ju 3,000 lọ ní ọdún náà di 8 péré ní 2010. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Ghánà ní ìwé ẹ̀rí ní 2015. Nàìjíríà ti gba tirẹ̀ ní 2013.

Lónìí, ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ òwe náà lè má mọ ohun tí ń jẹ́ sòbìà rárá. Kí olùkọ́ tí yóò túmọ̀ rẹ̀ má ṣe dúró sórí olúgànńbe nìkan. Àwọn obìnrin tí ó mú aṣọ asẹ́ dání ní etí adágún náà ní ipò tiwọn nínú ìtàn ìṣègùn.