Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́? Ìgbìmọ̀ Alákòóso àti Ìbínú Alátìlẹ́yìn nínú Ìtàn Shooting Stars ti Ìbàdàn

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ ìtàn ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ó sábà máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni ọba, ogun, àti bí ìlú ṣe tẹ̀dó. Ìwọ̀nba òpìtàn ni ó ka eré bọ́ọ̀lù sí ohun tí ó tó kọ sílẹ̀. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Adó-Àwáyè, ní ẹsẹ̀ òkè tí adágún Ìyákẹ́ wà lórí rẹ̀, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sábà tẹ Ìbàdàn lè ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti ọdún 1976 fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń ka oríkì ìdílé. Rédíò ni ó gbé wọn wá bá a. Bí ẹgbẹ́ bá borí, inú rẹ̀ a dùn. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, oúnjẹ kì í wọ ọ̀fun rẹ̀. Bí ó bá wá kan ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣe alága, ta ni yóò ná owó ẹgbẹ́, ta ni a ó lé, ta ni a ó mú wọlé, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: kí ni ó fà á tí ẹgbẹ́ tí ó gba ògo tó báyìí fi ń mú àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ bínú láti ìran dé ìran? Èrò tiwa ni pé ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn alága kan tàbí gómìnà kan. Inú ọ̀nà tí a gbà dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni ó ti wá.

Owó àgbẹ̀, ẹgbẹ́ ìjọba

Kí a tó mọ ẹni tí ó ni ẹgbẹ́, ó yẹ kí a mọ owó tí ó bí i. Láyé ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó àti irè oko mìíràn lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í san gbogbo iye tí wọ́n tà á lókè òkun fún wọn. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni ìjọba fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Àjọ tí a mọ̀ sí WNDC wà lára ohun tí a fi irú owó bẹ́ẹ̀ gbé ró, àjọ yìí ni ó sì ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn. Orúkọ WNDC náà ni ẹgbẹ́ ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gba ife Challenge ní 1971. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ bọ́ sábẹ́ àjọ IICC, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyá ilé-iṣẹ́ lówó, ibẹ̀ ni orúkọ IICC Shooting Stars ti wá. Lẹ́yìn èyí ni ó di Shooting Stars Sports Club, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní 3SC.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí ohun kan níbí. Láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìgbà kan tí àwọn ará ìlú péjọ láti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Kò ní ìwé ọmọ ẹgbẹ́, kò sì ní ìpàdé ọdọọdún. Owó tí ó bí i jẹ́ ti gbogbo àgbẹ̀, àṣẹ orí rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ́fíìsì. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976 tí ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, ẹgbẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí ilé àti ọkọ̀ ìjọba ṣe bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún ògo

Ọdún tí a pín ìpínlẹ̀ yẹn náà ni ògo dé. Shooting Stars gba ife líìgì Nàìjíríà, wọ́n sì lọ dé àṣekágbá ìdíje ife àwọn olúborí ife ní Áfíríkà. Ní Ìbàdàn, wọ́n fi àmì ayò 4-1 na Tonnerre ti Yaoundé. Nígbà tí wọ́n dé Kamẹrúùnù, Tonnerre fi 1-0 borí, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́: 4-2 ni gbogbo rẹ̀ já sí. Báyìí ni ẹgbẹ́ Ìbàdàn di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí yóò gba ife Áfíríkà.

Orúkọ àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà láyé ìgbà yẹn kò lè parẹ́: Ṣẹ́gun Ọ̀dẹ́gbàmí, Múdà Lawal, Best Ògèdèǹgbé aṣọ́lé, Sam Òjẹ́bọ̀dé, Felix Owólabí. Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Èkó ní 1980, àmì ayò mẹ́ta ni wọ́n gbá sínú àwọ̀n Àlùjíríà. Ọ̀dẹ́gbàmí gbá méjì, Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹgbẹ́ tún gba líìgì ní 1980 àti 1983, wọ́n sì gba ife Challenge ní 1977 àti 1979.

Láyé ìgbà náà, àwọn ará Ìbàdàn ní ẹni tí wọ́n kà sí baba ẹgbẹ́, Olóyè Lékan Sàlámì, tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣiré Adamásíngbà lónìí. Irú baba bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ bá dun ènìyàn, ilé àgbà ni ó ń gbé e lọ. Àgbà a gbọ́ ti ọ̀tún, a gbọ́ ti òsì, a sì gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ẹni tí ó wà lórí àga. Níwọ̀n ìgbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, a lè má rí àléébù inú ètò. Ìgbà tí àgbà bá re ibi àgbà ń rè ni à ń mọ̀ pé ojú ènìyàn ni a ń wò, a kò ní òfin.

Ìjọba dé, ìjọba lọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ètò náà ṣe rọ̀ mọ́ ìṣèlú, kí ó wo òpin ọdún 1983. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, Bọ́lá Ìgè fi ipò gómìnà sílẹ̀, Ọmọlolú Ọlúńlọ́yọ̀ gorí àga. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ológun fi gba ìjọba, tí wọ́n sì fi Ọládayọ̀ Pópóọlá jẹ gómìnà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1984. Ìjọba mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin, nígbà tí ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì ń múra àtilọ bá àwọn akọni Áfíríkà jà! Síbẹ̀, wọ́n dé àṣekágbá ní 1984. Zamalek ti Íjíbítì fi 2-0 na wọ́n ní Káírò, ó sì tún fi 1-0 na wọ́n ní Èkó lójú àwọn ènìyàn wọn. Ẹkún ọjọ́ náà kò tíì gbẹ lójú àwọn tí ó wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ tún gbéra. Ní 1992, wọ́n gba ife CAF nígbà tí a kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ife tí Moshood Abíọ́lá fi ta àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà lọ́rẹ. Òmì ni wọ́n gbá pẹ̀lú Villa ti Ùgáńdà ní Kàm̀pálà, wọ́n sì nà án ní 3-0 nílé. Ní 1995, wọ́n gba líìgì àti ife Challenge pọ̀. Ní 1996, wọ́n tún pàdé Zamalek ní àṣekágbá: 2-1 nílé, 1-2 ní Káírò, pẹnáritì sì gbé ife fún Zamalek ní 5-4. Líìgì ti 1998 ni ìkẹyìn tí wọ́n gbà.

Láti ìgbà náà, ìtàn ẹgbẹ́ ti di ìtàn àga yíyí. Ẹ wo ọdún 2006 nìkan: ní oṣù Kìíní wọ́n yọ Ládọjà nípò gómìnà, Aláò-Akálà wọlé, ní oṣù Kejìlá ilé-ẹjọ́ dá Ládọjà padà. Níbi tí gómìnà kò ti mọ̀ bóyá òun yóò jí bá àga òun, báwo ni ìgbìmọ̀ tí gómìnà yàn yóò ṣe pète ọdún márùn-ún? Ní 2017, ẹgbẹ́ ja bọ́ sí ìpele kejì, ó sì di 2021 kí wọ́n tó padà gòkè. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tí a yàn jẹ́ aláìmọ̀kan. Táíwò Ògúnjọbí ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà rí kí ó tó padà wá ṣe alákòóso rẹ̀. Ẹni tí ó mọ eré ni, ṣùgbọ́n àga tí ó jókòó lé, ìjọba ni ó ni ín.

Ohun ìjà alátìlẹ́yìn

Àwọn baba wa kò fi àṣẹ sílẹ̀ láìní ìjánu. Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin lágbára, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè sọ fún un pé ìlú kò fẹ́ ẹ mọ́. Àwọn Ògbóni sì wà tí ń ká Ọ̀yọ́ Mèsì náà lọ́wọ́ kò. Bí ẹnu bá kọ̀ tán, agbára a máa sọ̀rọ̀: Àgbẹ́kọ̀yà fi hàn ní 1969, nígbà tí wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi nítorí owó orí.

Kí ni ti alátìlẹ́yìn? Kò ní ìbò, kò sì ní aṣojú tí a fi òfin yàn sínú ìgbìmọ̀. Ohun tí ó kù fún un ni orin èébú, kí ó jókòó sílé, tàbí kí ó sọ òkò. Orin èébú kì í dé etí ẹni tí ó wà ní ọ́fíìsì. Bí ó bá jókòó sílé, owó ìwọlé dín kù, ẹgbẹ́ sì túbọ̀ gbára lé ìjọba. Bí ó bá sọ òkò, ẹgbẹ́ ni a ó bu owó ìtanràn lé, a sì lè lé eré wọn kúrò nílé. Èyíkéyìí tí ó bá mú, ara rẹ̀ ni ó ń nà. Ìbínú tí kò ní ẹnu ọ̀nà kì í tún ilé ṣe. Ògiri ni ó ń wó.

Àwọn kan lè wí pé kí ìjọba kúkú tà á fún olówó. Ìtàn kò jẹ́ kí a yára gbà. Israel Adébájọ ni ó dá Stationery Stores sílẹ̀ ní Èkó. Ó kú ní 1969. Ẹgbẹ́ náà gba líìgì ní 1992, ṣùgbọ́n ìjà lórí ẹni tí ó jogún rẹ̀ sọ ọ́ di aláìsí ní pápá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé-iṣẹ́ Leventis ní ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn kan náà. Wọ́n gba líìgì ní 1986, ilé-iṣẹ́ sì tú u ká ní 1987. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba ife Challenge ní 1985 àti 1987, òun náà ti di ìtàn. Ká sòótọ́, ọwọ́ ìjọba ni kò jẹ́ kí Shooting Stars kú bíi tiwọn. Ìjọba náà ni ó tún pápá Adamásíngbà ṣe ní àìpẹ́ yìí. Nítorí náà, ìyàtọ̀ kò sí láàárín ìjọba, ìdílé àti ilé-iṣẹ́ lórí kókó wa: lọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, alátìlẹ́yìn ni ó ru ẹrù ìfẹ́, ẹlòmíràn ni ó ni àṣẹ.

Ọ̀nà àbáyọ

Ní Barcelona, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń dìbò yan ààrẹ. Ní Jámánì, láti 1998 tí a ti gba ẹgbẹ́ láàyè láti di ilé-iṣẹ́, òfin ni pé ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ìbò tí ó pọ̀ jù gbọ́dọ̀ wà, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí a yọ̀ǹda fún. Nígbà tí a gba Wimbledon láàyè láti kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2002, àwọn alátìlẹ́yìn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò di ìgbà tí a bá lọ sí òkè òkun. Àwọn ènìyàn wa mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dáadáa. Mẹ́ńbà ń dá owó, wọ́n ń yan alága, akọ̀wé àti akápò; lọ́dọọdún, a ó ka ìwé owó sókè, àgbẹ̀ tí kò kàwé yóò sì dìde bèèrè ibi tí kọ́bọ̀ wọlé sí. Kò sí ìdí tí a kò fi lè fi òfin fún alátìlẹ́yìn tí ó forúkọ sílẹ̀, tí ó sì ń san owó ọdún, ní àga mélòó kan nínú ìgbìmọ̀ Shooting Stars, kí àsìkò ìgbìmọ̀ náà má sì máa parí pẹ̀lú ti gómìnà. Kí a máa ka ìwé owó ẹgbẹ́ ní gbangba lọ́dọọdún. Kí àga wọ̀nyí má sì jẹ́ ti Ìbàdàn nìkan. Owó Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ wà nínú àpò kan náà.

Ìkádìí

Wọ́n ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ìtàn Shooting Stars fi hàn pé ẹni tí ó ru ẹrù náà fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ọmọ onílé ni, a kàn kò tíì fún un ní kọ́kọ́rọ́ ni. Àwọn tí ó gbọ́ ìròyìn 1976 lórí rédíò ti ń dàgbà lọ. Àwọn ọmọ wọn ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ òkè òkun kiri ìgboro. Bí a kò bá fi ohun kan tí ó jẹ́ tiwọn lé wọn lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ ilé, orúkọ tí baba ń kà bí oríkì yóò di orúkọ tí ọmọ kò mọ̀.