Irọ̀rí Ìkókó àti Ọ̀rọ̀ Àbíkú

Bí ẹ bá dé ibi ìkómọjáde ní Òṣogbo tàbí Iléṣà lónìí, ẹ wo ẹ̀bùn tí àwọn èèyàn ń kó wá: irọ̀rí kékeré, kúbùsù tó nípọn, tìmùtìmù aláràbarà. Ìyá ọmọ á kó gbogbo rẹ̀ yí ìkókó ká, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Èmi náà ti ra irú irọ̀rí bẹ́ẹ̀ rí. N kò mọ̀ pé ewu ni mo fowó rà.

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, orí ẹní ni ìkókó ń sùn. Síbẹ̀, ọmọ ń kú. Àwọn orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́ ṣì ń sọ ìtàn náà fún wa. Wọ́n ní àbíkú ni. Ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ní 1956, dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò jókòó máa retí aláìsàn. Ní 1957, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí wọn. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ àìsàn wọn sílẹ̀. Wọ́n rí i pé ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunre-kánú wà nídìí ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní àbíkú. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí àwọn ìyá ń mú lọ́wọ́ nígbà náà ti kárí ayé báyìí.

Ṣùgbọ́n òyìnbó náà ní àbíkú tirẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ọmọ tó le koko sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, ọmọ á ti kú. Kò sí ibà, kò sí ikọ́. Nígbà tí wọ́n wá fara balẹ̀ wádìí bí àwọn ọmọ náà ṣe sùn, wọ́n rí i pé èyí tó dojú bolẹ̀, tàbí tí aṣọ bò lórí, ló wà nínú ewu jù. Bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà kan ló ti gba àwọn ìyá níyànjú tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n máa da ikùn ọmọ délẹ̀! Ní December 1991, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi lélẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan, irú ikú bẹ́ẹ̀ dín ju ìdajì lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tíì mọ ìdí rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ló yè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, títí ọmọ yóò fi pé ọdún kan, ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, lórí ohun tó tẹ́jú tí kò rọ̀ jù, nítòsí yín ṣùgbọ́n ní àyè tirẹ̀. Ẹ ta àpò ẹ̀fọn dáadáa, kó má wó lé e lójú. Bí ọyẹ́ bá mú, ẹ wọ aṣọ sí i lọ́rùn, ẹ má fi kúbùsù bò ó mọ́lẹ̀. Irọ̀rí tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ ńkọ́? Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, kí ẹ sì gbé e pamọ́.