Iṣẹ́ tí Bíbélì ń ṣe lọ́wọ́ èèyàn láti èwe dé ogbó: Àpẹẹrẹ Òrò

Wọ́n sábà máa ń sọ pé ogbó ló ń sún èèyàn mọ́ Bíbélì. Àlàyé yìí kò tó. Ní Òrò, ìlú kan ní gúúsù Kwara, àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe bí ìgbàgbọ́ ti pọ̀ tó ló ń yí padà láti ọdún dé ọdún. Iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń fi ìwé náà ṣe ló ń yí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ìwé kíkà. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Òrò wà títí di 1967, nítorí náà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní January 1955 kò kan àwọn ọmọ ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ọ̀pọ̀ gbára lé, ẹni tí oko kò sì jẹ́ kó lọ síbẹ̀ lè rí a-b-d kọ́ ní kíláàsì ìrìbọmi. Ọmọ ti ń ka ẹsẹ àkọ́sórí kó tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Nínú agbo ilé kan náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń ké wàláà ní ilé kéú, òun náà kò tíì mọ ìtumọ̀. Èmi kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú àkọ́sórí yìí o. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Nígbà tí ẹrù ayé bá wọni lọ́rùn, ìwé náà a di ohun ìjà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí wọ́n bí ní 1904 ní Odò-Ọwá, ní gúúsù Kwara níbí, jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ó ń wa ọkọ̀ tó ń tẹ ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ náà dákú ní October 1928, tó sì ní òun gbọ́ ohùn tó ń pe òun. Láti ìgbà náà, Bíbélì ọwọ́ rẹ̀ bá agogo àti omi àdúrà rìn, títí dé ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní 1930. Lónìí, ẹni tí ọ̀tá ń dà láàmú yóò ka Sáàmù 35 sí omi lóru, ìyá ọmọ tuntun yóò sì ki Bíbélì bọ abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ. Àwọn àlùfáà kan ń pè é ní ìbọ̀rìṣà tó wọ aṣọ onígbàgbọ́. Òótọ́ ni pé ó jọ ọfọ̀, àmọ́ wọ́n ṣìnà bí wọ́n bá ní àìmọ̀kan ni. Ẹni tó lè mú èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu láàárín 150 Sáàmù ti mọ ìwé rẹ̀ dáadáa.

Ti Samuel Ajayi Crowther tún yàtọ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó kọ́ ìwé ní Sàró, ìwé Róòmù tó tú sí èdè Yorùbá jáde ní 1850, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884, nígbà tó ti lé ní 70 ọdún. Iṣẹ́ òòjọ́ ni Bíbélì jẹ́ fún un. Àmọ́ Àfàlà, ìyá rẹ̀, tó tún rí ní Abẹ́òkúta ní 1846, ti di àgbàlagbà kí ọ̀rọ̀ ìwé yìí tó dé etí rẹ̀. 1848 ló ṣe ìrìbọmi. Ìwé kan náà, ọdún kan náà: ọmọ ń tú u, ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fi ọjọ́ orí ṣe òṣùwọ̀n kò ní rí àlàyé kankan ṣe níbẹ̀.

Nígbà tí ojú bá di bàìbàì, ìwé kíkà a di ìwé gbígbọ́. Ọmọ ọmọ ń kà á láti orí fóònù, àmọ́ Bíbélì Mímọ́ Yorùbá Òde Òní kò bá ohun tó wà lórí ìyá àgbà mu.

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀.”

“Ìyá àgbà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí.”

“Bí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì í kọ ni.”

Ibí ni àkọ́sórí ìgbà èwe ti ń sanwó fún ẹni tó ni ín. Olùṣèwádìí tó bá bi ìyá yìí pé orí mélòó ló kà lọ́sẹ̀ yìí yóò kọ òfo síwájú orúkọ rẹ̀. Kí ó ní kí ọmọ náà ka Sáàmù 121, kí ó sì fo ẹsẹ kan.