Láti Orí Pákó dé Orí Yìnyín

Ní Ìlaró níbí, inú fìríìjì la ti ń rí yìnyín. Ṣùgbọ́n ní 2016, ní Houston, Ṣeun Àdìgún kan pákó pọ̀ nínú gáréèjì, ó fi ṣe ọkọ̀ orí yìnyín. Ó sọ ọ́ ní Maeflower. Eléré ìje ni tẹ́lẹ̀. Ó sá eré fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì London 2012. Ó ké sí Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, eléré ìje bíi tirẹ̀. Ọkọ̀ pákó yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa tì í.

February 2018, wọ́n dé Pyeongchang: ikọ̀ bobsled àkọ́kọ́ láti Áfíríkà ní Òlíńpíìkì. Ṣeun wakọ̀, Akuoma di bíréèkì mú. Ikọ̀ 20 ló díje, àwọn ló gbẹ̀yìn. Èyí ò dùn mí rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sá a, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì gúnlẹ̀.