Òfin Tí A Kọ́ Sórí

Bí ẹ bá rí ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá láyé ìjọba sọ́jà, ẹ bi í léèrè àwọn ìwé òfin tí Nàìjíríà ti lò. Àkọ́sórí lẹ ó gbọ́: Clifford, 1922; Richards, 1946; Macpherson, 1951; Lyttelton, 1954. Bí orin ló ń jáde lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ẹ tún bi í pé, bí ọlọ́pàá bá mú un lónìí, kí ni òfin wí? Orí ni yóò máa họ.

Kì í ṣe pé ìtàn tó wà nínú àwọn ọdún wọ̀nyí kò dùn o. Òfin Clifford gbà kí àwọn ará Èkó dìbò yan ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta, kí ará Calabar yan ẹyọ kan, ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ló sì lè dìbò. Nígbà tí Gómìnà Richards fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kò bi aráàlú léèrè kó tó gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ni Herbert Macaulay àti Nnamdi Azikiwe pẹ̀lú ẹgbẹ́ NCNC bá gbéra lọ́dún 1946, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú pé a kò fẹ́. Macaulay ti pé ẹni ọdún 81! Kano ni àìsàn ti kì í mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ibẹ̀ ló kú sí lóṣù karùn-ún ọdún náà. Odindi àgbàlagbà kú sẹ́nu ọ̀rọ̀ ìwé òfin, kí ló wá kan ọmọ ilé-ìwé níbẹ̀? “Richards, 1946.” Máàkì kan.

Civics làwọn bàbá wa ń pe ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tó yá, wọ́n pò ó mọ́ Social Studies. Ìwé òfin 1979 wá dé. Abala 32 rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gba ìwé láàárín wákàtí 24, tí yóò sọ ìdí tí wọ́n fi mú un, ní èdè tó gbọ́. Èdè tó gbọ́ o! Bí Yorùbá nìkan lẹ gbọ́, Yorùbá ni. Bí kì í bá sì í ṣe ẹ̀sùn tó la ikú lọ, tí kóòtù wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀.

Àwọn sọ́jà gba ìjọba ní December 31, 1983. Nígbà tiwa, Abacha wà lórí àlééfà, tíṣà sì ń kọ “ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú” sójú pátákó. Ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ìwé òfin 1999 dá ọ̀rọ̀ náà padà, ní abala 35. Lọ́dún 2011, ìjọba sọ Civic Education di dandan fún gbogbo ọmọ SS. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo ṣí ìwé nóòtì ọmọ àbúrò mi: “Kọ ìwà ọmọ ìlú rere márùn-ún.” Àkọ́sórí náà tún dé!

Àwọn tó wọ SS1 lọ́dún yẹn ti lé lógún ọdún dáadáa nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde sójú títì lóṣù kẹwàá 2020 nítorí SARS. Wọ́n ti ọ̀pọ̀ wọn mọ́lé. Àwọn agbẹjọ́rò ló ń sáré láti àgọ́ ọlọ́pàá kan dé òmíràn, láìgba kọ́bọ̀, wọ́n ń bá wọn béèrè ohun tí abala 35 ti fún wọn tẹ́lẹ̀.