Adégòkè Adélabú, Aṣojú Ará Ìbàdàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa tí a jìnnà sílé mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn máa san owó orí níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń pín nǹkan. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ rántí ọkùnrin kan tí ìlú ńlá rán lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, kí a lè wo ohun tí ó ṣe dáadáa, kí a sì wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀.

Òkè-Olúọ̀kun ní Ìbàdàn ni a ti bí Gbàdàmọ́sí Adégòkè Adélabú ní ọjọ́ 3, oṣù September, ọdún 1915. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ìjọ C.M.S. ní Kúdẹtì àti Mápó ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Government College, Ìbàdàn, ní 1931, ó sì lọ sí Yaba Higher College ní 1936. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi kúrò, tí ó bọ́ sí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ U.A.C. Ó tún ṣe iṣẹ́ ìjọba nínú ọ̀ràn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì ṣòwò. Ẹni tí ó bá ka ìwé tí ó kọ ní 1952, Africa in Ebullition, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn lẹ́nu.

Kì í ṣe ìwé yìí ni ó sọ ọ́ di ẹni ìlú. Ọ̀ràn ìlú ni ó gbé e jáde. Láàárín 1949 sí 1951, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí Olóyè Sálámì Àgbájé, ọlọ́rọ̀ tí ó ti ń súnmọ́ ipò Olúbàdàn. Àwọn olóyè mìíràn àti ọ̀pọ̀ Mọ́gàjí ní àwọn kò fẹ́ ẹ. Adélabú wà lára àwọn tí ó dúró ti ẹ̀yìn àwọn tí ń ta kò ó. Ọ̀ràn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi yan Ọ̀gbẹ́ni Butcher láti wádìí rẹ̀. Níbẹ̀ ni Adélabú ti mọ agbo ilé Ìbàdàn, tí agbo ilé náà sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ìdìbò 1951 dé, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń dìbò tààrà. Àwọn ará àdúgbò yan aṣojú, àwọn aṣojú wọ̀nyí ni ó sì yan àwọn tí yóò lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀. Ìjókòó mẹ́fà ni Ìbàdàn ní, ẹgbẹ́ Ibadan People's Party ni ó sì kó wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ilé náà fẹ́ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1952, márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà náà, Olóyè A. M. A. Akínlóyè sì wà nínú wọn, bọ́ sí ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, èyíinì ni Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Akínlóyè di mínísítà. Adélabú nìkan ni ó dúró sọ́dọ̀ Alákùkọ, ẹgbẹ́ N.C.N.C.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá wà lọ́dọ̀ ìjọba ni ó súnmọ́ àwo ọbẹ̀. Àwọn márùn-ún lè sọ pé nítorí ìlú ni àwọn fi lọ, kí Ìbàdàn má bàa pàdánù ọ̀nà, omi àti ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn wò ó bí ẹni pé a rán ọmọ níṣẹ́, ó sì lọ jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìlú tí ìkànìyàn 1952 fi hàn pé ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 459,000, tí ó ju Èkó pàápàá lọ nígbà náà, kò fẹ́ kí a máa fi òun ṣe ilẹ̀ tí a kàn kọ́ ọ́fíìsì ìjọba lé lórí. Adélabú mú ìbínú yìí, ó sì sọ ọ́ di ẹgbẹ́.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Mábọlájẹ́: ẹ má ba ọlá jẹ́. Ọlá àwọn olóyè àti ti ìlú ni wọ́n ń wí. Àwọn tí ó kó jọ ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń san owó orí àti ẹgbẹ́ Máyégún ti àwọn àgbẹ̀, àwọn tí inú wọn kò dùn nígbà tí ìjọba ń gé igi kòkó wọn lulẹ̀ nítorí àrùn. Adélabú kò bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá. Ó ń wọ agbo ilé wọn, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń pa òwe, ó ń dá àpárá. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà di ti ìlú: ọ̀rọ̀ kan tí ó fi ṣàpèjúwe rúdurùdu, "peculiar mess", ni ẹnu àwọn ará Ìbàdàn yí sí "pẹnkẹlẹmẹ̀sì". Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Yorùbá títí di òní.

Ní oṣù March 1954, Mábọlájẹ́ pẹ̀lú N.C.N.C. borí nínú ìdìbò káńsù Ìbàdàn, Adélabú sì di alága. Ní ìparí ọdún náà, ìdìbò ìjọba àpapọ̀ wáyé. N.C.N.C. borí ní Ìwọ̀-Oòrùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Action Group ni ó ń ṣe ìjọba ibẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà, ẹgbẹ́ tí ó borí ní ẹkùn kan ni ó ń yan mínísítà ẹkùn náà sí ìjọba àpapọ̀. Báyìí ni Adélabú fi di mínísítà ní Èkó ní 1955, tí ó sì tún jẹ́ alága káńsù nílé.

Ẹrù méjì kì í gbórí ẹnìkan kó má wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí jáde lórí bí a ti ń ná owó káńsù àti bí a ti ń pín iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé Ọ̀gbẹ́ni Nicholson, akọ̀wé káńsù ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dìde láti wádìí. Ìròyìn rẹ̀ kò dára. Ó bá káńsù wí, ó sì dá alága náà lẹ́bi. A tú káńsù ká, Adélabú sì fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní 1956. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀tá ni ó dẹ okùn fún un, òtítọ́ sì ni pé ẹgbẹ́ tí ó ń bá a jà ni ó gbé ìwádìí náà dìde. Ṣùgbọ́n àwa kò ní tìtorí pé a fẹ́ràn ènìyàn kí a sọ pé ìwé ìṣirò tí kò tọ́ tọ́. Bí ọ̀tá bá tọ́ka sí àbùkù ara wa, àbùkù náà ṣì wà níbẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní May 1956, ìlú tún dìbò, tààrà sì ni ní ọ̀tẹ̀ yìí. Nínú ìjókòó 80, Action Group mú 48, N.C.N.C. mú 32. Ìjọba kò yí padà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn tún dá Adélabú padà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì di Olórí Alátakò nílé aṣòfin. Lójú Awólọ́wọ̀ tí ó jẹ́ Olórí Ìjọba ni ó ti ń dìde ní Agódì, tí ó ń bi ìjọba léèrè lórí owó orí àti lórí ipò Ìbàdàn. Ní 1957 ó lọ sí ìpàdé òfin ìpìlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè pé kí a ya ìpínlẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Kò rí i gbà. Ìgbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjìdínlógún tí ó ti kú.

Ọjọ́ 25, oṣù March 1958 ni jàm̀bá ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ní agbègbè Rẹ́mọ. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Ìlú dàrú. Ọ̀pọ̀ kò gbà pé ọkọ̀ lásán ni ó pa á. Wọ́n dojú kọ àwọn tí wọ́n pè ní ọ̀tá rẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, iná jó ilé, a sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí kọ́ọ̀tù. Àwọn tí ó kú nínú rúkèrúdò yẹn náà ní ìyá, wọ́n ní ọmọ. Ìfẹ́ tí a ní sí aṣíwájú kò gbọdọ̀ di ọ̀bẹ lọ́wọ́ wa.

Kí ni àwa tí a wà lẹ́yìn odi yóò rí mú níbẹ̀? Èkíní, aṣojú tí ó ń wá wa wò nílé kì í ṣòro láti tẹ̀lé. Agbo ilé ni ìpìlẹ̀ agbára Adélabú, kì í ṣe owó. Èkejì, ẹni tí ó bá dúró nínú alátakò kì í ṣe aláìníṣẹ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ béèrè, kí ẹni tí ń ṣe ìjọba má bàa gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ tọ̀tún tòsì: ìjọba tí ó ń bá jà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọmọ Alákùkọ àti ọmọ Ọlọ́pẹ ni wọ́n sì jọ jókòó lórí àga kan náà. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó kan àwa gan-an lónìí, ni pé òkìkí kì í ṣe ìṣirò owó. Ọlá tí Mábọlájẹ́ ní kí a má bà jẹ́, ìwé owó tí kò yé ni lè bà á jẹ́ ju ọ̀tá lọ.

Nítorí náà, gbogbo kọ́bọ̀ tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún gbọ̀ngàn yìí ni a ó kọ sílẹ̀, a ó sì kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́, ti olówó àti ti ẹni tí ó mú díẹ̀ wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹ̀tọ́ yín ni. Kí Ọlọ́run fún wa ní aṣojú tí ó mọ ilé wa, tí ẹnu rẹ̀ kò ṣe é rà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Kí ó má jẹ́ kí a ba ọlá ara wa jẹ́. Àṣẹ.