Ilé Àgùdà kan ní Gbàgede Tinúbú

Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíl padà fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀ l'Ékòó bí wọ́n ti fi í sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tiwa. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ìdílé Fernandez, tí a kọ́ ní 1855 ní Gbàgede Tinúbú. Ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ilojo Bar ni gbogbo ìlú wá mọ̀ ọ́n sí. Ní 1956, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọlá ńlá ni, àmọ́ ọlá kì í tún òrùlé ṣe. Ilé ń gbó, ilẹ̀ àárín ọjà sì ń wọ́n sí i. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ìjọba.